Irin Tó Dábùú Àyà

Bàbá Káfíńtà kò gbà pé irin lágbára ju igi lọ. Láti kékeré ló ti ń kan ilẹ̀kùn, àga àti bẹ́ẹ̀dì, gbogbo àdúgbò ló sì ti sùn sórí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ rí. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé ẹni tó bá ti lè mú igi gbọ́ràn, kò sí irin tó máa yájú sí i. Èrò yìí ló gbé e dé abẹ́ mọ́tò lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, díẹ̀ ló sì kù kí èrò náà má jẹ́ kó jáde níbẹ̀ mọ́.

Tirẹ̀ ni mọ́tò ọ̀hún. Ó rà á nígbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú. Onílẹ̀kùn méjì ni, imú rẹ̀ gùn, irú rẹ̀ ò sì sí nígboro mọ́. Bí Baba bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ìgbà èwe rẹ̀, mọ́tò yìí ló máa kọ́kọ́ fọwọ́ bà. Abẹ́ páànù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ló gbé e sí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Omi òjò gba etí gíláàsì iwájú wọlé, ó rọra wọ abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì lọ, ó sùn síbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ṣì ń dún dáadáa, ṣùgbọ́n ìpẹtà ti jẹ ilẹ̀ mọ́tò náà débi pé ẹni tó bá jókòó sí ẹ̀yìn á máa wo yanrìn láàárín ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Panẹbítà kan wá wò ó. Ó fi irin ṣóńṣó gún ilẹ̀ mọ́tò, irin náà sì wọlé ṣooro bí ẹni gún àkàrà. Ó wá pe iye tó máa gbà. Bàbá Káfíńtà rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. Ìgbà tó rí i pé panẹbítà ò bá òun rẹ́rìn-ín ló tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ò gba àwàdà. Ó ní kí ọkùnrin náà máa lọ, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì lọ gbé ayùn rẹ̀.

Kò ra nǹkan kan. Ó tú ẹ̀gbẹ́ fíríìjì kan tó ti kú palẹ̀, ó tún ṣa ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù irin tí wọ́n dà nù ní ọ́fíìsì kan. Aládùúgbò tó ń rọ géètì lẹ́yìn ògiri wọn ló yá a ní ẹ̀rọ ìjórin. Páálí ló kọ́kọ́ gé, tó fi wọn ihò kọ̀ọ̀kan, kó tó gbé páálí lé irin, kó fi ṣọ́ọ̀kì yí i ká, kó fi sísọ́ọ̀sì irin gé e, kó sì fi òòlù onígi tẹ etí rẹ̀ lórí pákó. Ẹ jẹ́ ká fi òótọ́ inú sọ ọ́, iṣẹ́ náà mọ́. Ẹni tó bá ní ọwọ́ Baba ò dára, inú burúkú ló fi sọ bẹ́ẹ̀.

Ibi tó ti ṣìnà rèé. Nínú iṣẹ́ káfíńtà, bí ilẹ̀ onípákó bá jẹrà, èèyàn kì í yọ pákó kan kó fi òmíràn sílẹ̀. Gbogbo jíjẹrà ni wọ́n ń kó dànù lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n tó máa to tuntun lé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tí Baba ṣe sí mọ́tò nìyẹn. Ó gé ilẹ̀ rẹ̀ kúrò láti ibi ẹsẹ̀ awakọ̀ títí dé iwájú àga ẹ̀yìn, lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Irin kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù láàárín, èyí tó dábùú láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, tí àga iwájú máa ń jókòó lé. Ó yọ táyà, ó gbé mọ́tò lé ìtì igi mẹ́rin, méjì níwájú, méjì lẹ́yìn, bí tábìlì ṣe ń dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó tú àga iwájú àti ilẹ̀kùn awakọ̀ náà kúrò, kí ọwọ́ lè ráyè.

Ṣùgbọ́n mọ́tò kì í ṣe tábìlì. Irú mọ́tò yẹn, ilẹ̀ rẹ̀ gan-an ni egungun ẹ̀yìn rẹ̀, kò sí irin gidi mìíràn lábẹ́ tó gbé e dúró. Ẹni tó bá yọ egungun ẹ̀yìn èèyàn, tó wá fi igi gbé e lórí àti lẹ́sẹ̀, àárín ló máa tẹ̀. Baba ò mọ̀. Kò sì bi ẹnikẹ́ni, nítorí àgbà tó bá ti lé panẹbítà lọ ò lè tún sáré tẹ̀lé e lójú pópó.

Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ló wà nílé pẹ̀lú rẹ̀. Aránṣọ ni. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nílùú mìíràn, ó di òpin ọ̀sẹ̀ kó tó wálé, nítorí náà òun àti Baba ni wọ́n jọ ń gbélé. Baba ò nà án rí. Kò bú ìyá rẹ̀ rí, kò bú bàbá rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ni. Bí Baba bá pe “Ìyàwó!” láti iwájú ilé, sísọ́ọ̀sì á bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń ránṣọ lẹ́yìn. Kí ìyàwó tó kúrò nílé, ìyá rẹ̀ ti kì í nílọ̀ pé bàbá ọkọ kì í jẹ̀bi, àti pé ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọmọ gidi ni, ó gba ìmọ̀ràn méjèèjì.

“Ìyàwó! Fi ẹ̀rọ rẹ sílẹ̀, wá bá mi tẹ irin.”

“Mo ń bọ̀, Bàbá.”

Iṣẹ́ tó yàn fún un ò le. Kó gba ilẹ̀kùn kejì wọlé, kó gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí irin tó dábùú, kó jókòó sórí àga ẹ̀yìn. Baba á dùbúlẹ̀ lábẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ síwájú, orí rẹ̀ sẹ́yìn, á máa ti irin tó gé bọ ojú ihò. Ìyàwó á fi igi gígùn kan tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láti òkè títí Baba á fi fi iná kàn án mọ́ ara mọ́tò lójú kan lójú kan. Bákẹ́ẹ̀tì omi àti àkísà wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nítorí ẹ̀tapàrà iná tó lè ta bá a. Àpò kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí òòlù àti àwọn igi ṣóńṣó kún inú rẹ̀, èyí tí Baba máa ń gbá wọ àlàfo láti fún irin tí kò bá jókòó dáadáa.

“Pa ilẹ̀kùn yẹn dé, kí afẹ́fẹ́ má bàa fẹ́ iná sí mi lójú.”

Ó pa á dé. Ilẹ̀kùn náà rọra wọlé bí ìdérí ìkòkò.

Láti ibi tó jókòó sí, ó ń wo Baba gba inú ihò. Orí Baba wà ní iwájú orúnkún rẹ̀ gan-an, awò dúdú lójú, irùngbọ̀n funfun tó kún fún eruku. Irin tó dábùú yẹn wà lókè àyà rẹ̀. Ẹ̀wù iṣẹ́ tó wọ̀, ìyàwó ló tún un rán, òun ló gán bọ́tìnì funfun tó wà láàárín. Ìdí nìyẹn tí ojú rẹ̀ fi ń lọ síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ lè gba àárín bọ́tìnì àti irin kọjá láìfara kàn wọ́n. Aránṣọ ni, kò nílò ohun tó máa fi wọ̀n ọ́n.

Wọ́n jó irin àkọ́kọ́. Ó gbà. Inú Baba dùn, ó ń kọrin lábẹ́lẹ̀.

Ìgbà tí wọ́n ń to èkejì, ìyàwó tún wo bọ́tìnì. Ìka méjì ló kù.

Ó kọ́kọ́ rò pé Baba ló gbé àyà sókè. Ó dúró kó mí síta. Baba mí síta, ìka méjì náà ni. Ó rọra na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn tó pa dé, ó tì í wò. Kò mì. Ilẹ̀kùn tó wọlé wẹ́rẹ́ yẹn ti há mọ́ òkè bí ẹni tó di eyín.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ilẹ̀kùn yìí ò ṣí mọ́.”

“O fẹ́ jáde ni?”

“Rárá o. Ó kàn dà bí ẹni pé mọ́tò yìí ń… ó dà bí ẹni pé ó ń sọ̀ kalẹ̀.”

Baba dá iná dúró. Ó gbé awò kúrò lójú, ó wò ó láti ìsàlẹ̀. “Ìyàwó, ohun tí àgbà bá fi ìdùbúlẹ̀ rí, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i.” Ó rẹ́rìn-ín sí ọgbọ́n ara rẹ̀ tó fi yí òwe àtijọ́ padà. Lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ le. “Èmi ni mo gbé e lérí igi, èmi ni mo mọ bí mo ṣe gbé e. Dákẹ́ jẹ́ẹ́, kí o tẹ irin.”

Ó dákẹ́. Ó tẹ irin.

Ẹ má tíì dá a lẹ́jọ́. Ẹni tí kò bá tíì gbélé bàbá ọkọ rí á ní ọ̀rọ̀ rọrùn, kó kàn pariwo. Ṣùgbọ́n ìyàwó ti ń gbọ́ ọ létí bí Baba á ṣe máa ròyìn fún ọkọ òun lópin ọ̀sẹ̀ pé, “Ìyàwó rẹ ti di ọ̀gá mi o, ó ń kọ́ mi níṣẹ́.” Ó ti ń rí bí ọkọ òun á ṣe wo ilẹ̀. Ó fi ìyẹn sápá kan, ó fi ìka méjì sápá kejì. Ó ní bóyá ojú òun ni, bóyá àgbà rí ohun tí òun ò rí.

Ìka méjì di ìka kan. Ìka kan di ìwọ̀n okùn òwú. Nígbà tó yá, bí Baba bá ti mí sínú, bọ́tìnì á kan irin, á dún “kẹ́”. Baba ò gbọ́, iná tó ń jó ń pariwo mọ́ ọn létí. Ìyàwó ń gbọ́. Kẹ́. Kẹ́. Ó la ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà dé orí ahọ́n rẹ̀, ó dúró síbẹ̀. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé tí Baba bá ti jó ojú yìí tán, òun á sọ ọ́. Baba jó o tán, ó bọ́ sí òmíràn. Ìyàwó tún sún ọ̀rọ̀ síwájú. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Tẹlòmíì ló ń bá a dákẹ́ lọ́jọ́ yẹn.

Mọ́tò wá ké. Kì í ṣe igbe ńlá, ó rọra dún gùn bí ilẹ̀kùn àjà ilé. Lẹ́yìn náà, “gbì!” Irin méjèèjì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jó já kúrò lójú iná, pá, pá, pá, wọ́n sì ṣubú sí yanrìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí Baba. Òrùlé mọ́tò sọ̀ kalẹ̀ lójú ìyàwó. Nígbà tó máa wo ìsàlẹ̀, bọ́tìnì ò sí mọ́. Irin ti jókòó sí àyà Baba.

“Bàbá!”

Ọ̀pá ìjórin ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ là, kò sì sí ohùn níbẹ̀. Ohun tó wá jáde níkẹyìn kéré, ó tín-ín-rín, bí ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun. “Ìyàwó… kò… kò jẹ́ kí n mí.”

Ohùn yẹn ló já ìyàwó láyà ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ohùn tó ń mi ilé ti di báyìí. Ó fi èjìká gbá ilẹ̀kùn, kò mì. Ó fi ẹnu síta níbi tí wọ́n ti tú ilẹ̀kùn awakọ̀, ó lọgun, “Ẹ gbà wá o! Ẹ gbà wá o!” Lẹ́yìn ògiri, ẹ̀rọ tí onígéètì fi ń gé irin ké dá a lóhùn, ó bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá. Kò sí ẹlòmíì nílé.

Ó ní kí òun gba ẹnu ọ̀nà awakọ̀ jáde, kí òun lọ gbé jáàkì. Ó gbé ẹsẹ̀ kan lé irin tó dábùú. Mọ́tò tún ké. Baba kérora, ojú rẹ̀ yọ síta. Ìyàwó fa ẹsẹ̀ padà bí ẹni tó tẹ iná. Ìgbà náà ló yé e. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó wà láti jáde, orí àyà Baba ló gbà kọjá.

“Má wá síwájú,” ni Baba wí. Ó ń kó ọ̀rọ̀ jọ díẹ̀díẹ̀, èémí kan fún ọ̀rọ̀ kan. “Ẹnu ọ̀nà. Ó ń… sún mọ́ra?”

Ìyàwó wo ẹnu ọ̀nà awakọ̀. Òpó iwájú àti òpó ẹ̀yìn ti ń fara wọ́ sún mọ́ ara wọn lókè. “Ó ń sún mọ́ra, Bàbá.”

“Igi ọwọ́ rẹ. Fi dábùú… òpó sí òpó. Lókè.”

Ìyàwó gbé igi náà sókè, ó lu òrùlé lẹ́ẹ̀mejì. Ó nà tàntàn láti orí àga ẹ̀yìn, ó wá ojú ihò tí ìdè ilẹ̀kùn wà tẹ́lẹ̀ lára òpó iwájú, ó ki ẹnu igi bọ̀ ọ́. Ẹnu kejì ò kan òpó ẹ̀yìn.

“Kò dé ibẹ̀! Bàbá, kò dé ibẹ̀!”

“Fún un. Igi ṣóńṣó. Fi méjì… kọjú síra.”

Ó da ohun inú àpò sórí àga. Ó mú igi ṣóńṣó méjì, ó fi wọ́n kọjú síra láàárín igi àti òpó, ó mú òòlù. Ó gbá a. Gbogbo mọ́tò mì tìtì. Eruku ìpẹtà rọ̀ sójú Baba, ó sì ké. Ìyàwó dá ọwọ́ dúró sókè. Kò lè gbá a mọ́. Bí òun bá tún gbá a, tí mọ́tò bá já, ọwọ́ òun ló pa á. Kí lòun máa sọ fún ọmọ rẹ̀? Ẹnu wo lòun máa fi sọ ọ́?

“Bàbá, ẹ̀rù ń bà mí.”

Baba dijú. “Èmi náà,” ló wí. “Gbá a.”

Kò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí. Ó gbá a. Ó tún gbá a. Ó ń sunkún, ó ń bẹ mọ́tò, “Má pa á, jọ̀ọ́, má pa á,” ó sì ń gbá igi ṣóńṣó wọlé. Igi gígùn náà le bíi ti ọrun tí wọ́n fà. Òpó méjèèjì kọ́kọ́ dúró. Nígbà tó gbá a sí i, wọ́n jìnnà síra díẹ̀, ó sì wo ìsàlẹ̀. Irin ti kúrò lára ẹ̀wù Baba. Ìwọ̀n okùn òwú. Ó tún gbá a. Ìka kan.

Kò dúró de àṣẹ mọ́. Ó ju òòlù sílẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì bọnú ihò, ó ki wọ́n bọ abẹ́ apá bàbá ọkọ rẹ̀. Ó kígbe mọ́ ọn bí ẹni ń kígbe mọ́ ọmọ tó wà lójú títì. “Mí síta! Mí gbogbo rẹ̀ síta! Ó yá!”

Baba mí síta. Ìyàwó fi ẹsẹ̀ ti ìdí àga, ó fa. Ẹ̀wù ya láti àyà dé ìgbáròkó. Irin ha ẹran ara rẹ̀ bó. Ìyàwó ò dúró, ó fà á títí orí àti èjìká Baba fi gba inú ihò yọ sókè, tó wá jókòó sórí yanrìn, ara rẹ̀ láti ìbàdí lọ sókè nínú mọ́tò, ìdí rẹ̀ nílẹ̀. Mọ́tò fẹ́ jábọ́, kó jábọ́, kò sí irin lókè àyà rẹ̀ mọ́.

Kò jábọ́. Igi mú un dúró.

Ojú wọn kọjú síra, ó sún mọ́ra ju bí ojú ìyàwó àti bàbá ọkọ ṣe yẹ kó sún mọ́ra lọ. Ẹ̀jẹ̀ ń rọra sun láti ibi tí irin ti bó Baba láyà. Ó wo òpó, ó wo igi, ó wo ibi tí bọ́tìnì wà tẹ́lẹ̀ lára ẹ̀wù rẹ̀.

“Ìgbà wo lo ti rí i?”

Ìyàwó fẹ́ purọ́. Ó kàn rẹ̀ ẹ́ jù. “Ó ti pẹ́, Bàbá. Lẹ́yìn tí mo sọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn yẹn, bọ́tìnì yín ti ń kan irin tẹ́ ẹ bá mí. Ó ń dún létí mi.”

“O ń wò ó.”

“Mò ń wò ó.”

“Kí ló wá dí ọ lẹ́nu?” Ohùn rẹ̀ ò le. Ó ń béèrè torí pé ó fẹ́ mọ̀ ni.

“Ẹ̀rù yín ló ń bà mí ju ti mọ́tò lọ.”

Lẹ́yìn ògiri, onígéètì pa ẹ̀rọ rẹ̀. Gbogbo ibẹ̀ parọ́rọ́. Ìpẹtà ti wọ Baba lójú méjèèjì, omi ń jáde níbẹ̀. Ó gbé ọwọ́ sókè láti nu ún.

Ìyàwó fà sẹ́yìn, ó fi apá bo ojú.

Òun gan-an ò mọ ìgbà tó ṣe é. Ọwọ́ Baba dúró lófuurufú, níbi tó bá a dé. Ó wo ọwọ́ náà, ó wo ìyàwó ọmọ rẹ̀ tó ká jọ sí igun àga ẹ̀yìn. Ó wá rọra sọ ọwọ́ ọ̀hún kalẹ̀, ó fi lé etí ihò níbi tí ìyàwó ti lè rí i. Kò gbé e kúrò níbẹ̀ mọ́, ó sì jẹ́ kí ìpẹtà náà máa wọ òun lójú.